Kì í ṣe gbogbo aṣọ là ń sá sóòrùn: ẹ̀rọ AI àti àṣẹ ẹni tó ni ọ̀rọ̀

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti kọ̀wé síbí. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ kan ló ṣẹlẹ̀ tó gba oorun lójú mi, mo sì fẹ́ kó kọ́kọ́ yé èmi fúnra mi kí n tó sọ ọ́ fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi lọ sóko ìwádìí rántí àwọn kásẹ́ẹ̀tì mi. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kiri àwọn ìlú àti abúlé Èkìtì, tí mò ń gba ẹ̀ka-èdè wọn sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ni mò ń wá. Ẹ mọ̀ pé nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, fáwẹ̀lì u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Èkìtì a máa pe ilé ní ulé, wọ́n a sì máa pe iṣu ní uṣu. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣọ́. Àmọ́ ẹ ò lè jókòó ti ìyá àgbà kí ẹ ní kí wọ́n máa pe fáwẹ̀lì fún yín. Ẹ ó ní kí wọ́n sọ̀tàn ni, ọ̀rọ̀ ayé wọn ni wọ́n á sì sọ: ọkọ, orogún, ọmọ, ilẹ̀ tí wọ́n jà lé lórí.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọ̀nyí, tí wọ́n ti di olóògbé, sọ fún mi lọ́jọ́ kan nípa ọmọ kan nínú ẹbí wọn, àti ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ tó ń jẹ́. Bàbá tí gbogbo ìlú mọ̀ kọ́ ló bí i. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n wo ẹ̀rọ mi, wọ́n ní, "Tíṣà, èyí kò gbọdọ̀ jáde o." Mo ní, "Kò níí jáde, Ìyá." N kò fa ojú ìwé náà ya nígbà tí mo kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ dára púpọ̀ fún iṣẹ́ wa. Mo kàn fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé: má gbé e jáde.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú yín tó ti di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe mí lóore. Ó ní òun á kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo dà kọ látinú kásẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀rọ AI kan, kí ẹni tó bá ń ṣèwádìí lè máa bi í léèrè bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Inú mi dùn, mo kó àpótí ìwé mẹ́fà fún un. Wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ àárín ojú ìwé, kò tẹ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ìkìlọ̀ bírò pupa ṣe sọnù nìyẹn. Èmi náà kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ọmọ tó ṣe mí lóore.

Kò pẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí orúkọ bi ẹ̀rọ náà pé: irú ìṣẹ̀lẹ̀ wo ló máa ń mú kí wọ́n sọ ọmọ ní orúkọ báyìí? Ẹ̀rọ dá a lóhùn, ìdáhùn náà sì dára. Ó fún un ní àpẹẹrẹ mẹ́ta. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìyá yẹn, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò wọn. Ọmọ ìlú náà ni ọmọkùnrin yìí. Ó pè mí lórí fóònù lálẹ́, ó ní, "Prof, ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ilé tí mo rò yìí náà ni?" N ò rí nǹkan sọ. Ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà láyé o. Ó ti hu ewú, ó ti rí ọmọ-ọmọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni á ṣe lèmi náà kọ́kọ́ ṣe: mo ní kí wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn. Kásẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rọ̀ ẹbí bá ti wà nínú rẹ̀, kí wọ́n pa á mọ́ pátápátá. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan kọ̀wé sí mi. Ó ti bi ẹ̀rọ léèrè orúkọ tí ìlú yẹn kan náà ń pe oríṣi ìkòkò aró kan, ẹ̀rọ sì fèsì pé ẹ̀ka-èdè náà kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Ọmọbìnrin yìí ti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ pé kò sí. Irọ́ gbáà ni! Ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹnu ìyá kan náà ló ti jáde, nínú kásẹ́ẹ̀tì kan náà tí a pa mọ́.

Ẹ wá wò ó: nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, ẹ̀rọ tú àṣírí, nígbà tí a tì í, ẹ̀rọ purọ́. Ohun tó wà láàárín méjèèjì yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì èmi nìkan. Ilé-ìwòsàn, báńkì, yunifásítì àti iléeṣẹ́ ìjọba ń kó ìwé wọn sínú irú ẹ̀rọ báyìí, púpọ̀ nínú yín ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Àwọn onímọ̀ kan ní Facebook, pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn ní University College London àti New York University, ló fún ọgbọ́n yìí ní orúkọ tó ń jẹ́ ní 2020. Wọ́n pè é ní retrieval-augmented generation. RAG ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Iṣẹ́ méjì péré ló wà níbẹ̀: wíwá àti sísọ.

Níbi wíwá, wọ́n á gé ìwé sí wẹ́wẹ́, bí ìpínrọ̀ kan tàbí méjì. Wọ́n á wá sọ ègé kọ̀ọ̀kan di ọ̀wọ́ nọ́ńbà tó dúró fún ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá béèrè nǹkan, ìbéèrè yín náà á di nọ́ńbà, ẹ̀rọ á sì gbé àwọn ègé tí nọ́ńbà wọn sún mọ́ ti ìbéèrè yín jù lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè sọ "aya" kó sì gbé ègé tó sọ "ìyàwó" wá. Níbi sísọ, wọ́n á kó àwọn ègé náà síwájú AI tó mọ gbólóhùn í hun, bí ẹni kó ìwé síwájú akọ̀wé, wọ́n á ní: fi èyí dáhùn ohun tí ẹni yìí béèrè.

Ibo ló wá yẹ kí aṣọ́nà dúró? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí a kìlọ̀ fún AI níbi sísọ: "Má sọ ọ̀rọ̀ àṣírí o." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn. AI kì í ṣe àgbàlagbà tó mọ ẹnu pa mọ́. Ohun tó bá ti dé iwájú rẹ̀ lè bọ́ sínú ìdáhùn, torí pé ohun tó wà níwájú rẹ̀ náà ló fi ń hun ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbọ́n féfé lè tàn án jẹ: á ní kó sọ ọ́ ní ewì, tàbí kó túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, tàbí kó ṣe bí ẹni pé ọ̀gá pátápátá ló ń béèrè. Ohun tí a kò bá fẹ́ kí àlejò gbọ́, a kì í sọ ọ́ sétí ọmọdé, ká tún wá máa ṣẹ́jú sí ọmọdé níwájú àlejò.

Níbi wíwá ni aṣọ́nà gbọ́dọ̀ dúró. Ègé tí ẹni tó ń béèrè kò ní àṣẹ láti kà kò gbọdọ̀ dé iwájú AI rárá. Ohun tí kò mọ̀, kò lè sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ ju AI lọ. Ní 1988, Norm Hardy kọ àpilẹ̀kọ kékeré kan nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà. Ètò kan wà níbẹ̀ tó ń túmọ̀ iṣẹ́ àwọn oníbàárà sí èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́. Wọ́n fún ètò yìí ní àṣẹ láti kọ nǹkan síbi kan, ibẹ̀ náà sì ni fáìlì tí wọ́n ń kọ gbèsè oníbàárà sí wà. Oníbàárà kan wá ní kí ètò náà kọ àbájáde iṣẹ́ òun sí fáìlì kan, orúkọ fáìlì gbèsè ló sì dá fún un. Ètò kọ ọ́ síbẹ̀, àkọsílẹ̀ gbèsè sì parẹ́. Oníbàárà kò láṣẹ lórí fáìlì yẹn. Ètò ló láṣẹ. Àṣẹ tirẹ̀ ló fi jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Hardy pe irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní aṣojú tí nǹkan dàrú mọ́ lójú.

Àwa náà mọ̀ ọ́n nílé wa. Òun ni ọmọ ọ̀dọ̀ tó mú kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá lọ́wọ́. Àlejò kò lè wọ yàrá Bàbá, ṣùgbọ́n ó lè rán ọmọ ọ̀dọ̀: "Lọ bá mi wo ohun tó wà lórí tábìlì." Ẹ̀rọ AI tí wọ́n fún ní àṣẹ láti ka gbogbo ìwé iléeṣẹ́, tí gbogbo òṣìṣẹ́ sì lè rán níṣẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn gan-an ni. Kọ́kọ́rọ́ ẹni tó rán an níṣẹ́ ni kó mú lọ, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ baálé. Saltzer àti Schroeder ti sọ irú rẹ̀ ní 1975: kí èèyàn tàbí ètò èyíkéyìí má ní ju ìwọ̀nba àṣẹ tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń fẹ́ lọ.

Títìlẹ̀kùn láìpa ìdáhùn

Ṣé ẹ ṣì ń bá mi bọ̀? Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá wo ibi tí aṣọ́nà tó dúró ṣinṣin ti ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ká ní ègé mẹ́wàá ni ẹ̀rọ máa ń gbé fún ìbéèrè kan. Bí aṣọ́nà bá dúró lẹ́yìn tí wọ́n ti wá nǹkan tán, ó lè rí i pé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá jẹ́ èyí tí ẹni náà kò láṣẹ sí. Á dà wọ́n nù, á ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn ni AI á fi hun ìdáhùn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ègé kọkànlá títí dé ogún lè jẹ́ èyí tí ẹni náà láṣẹ láti kà, tí yóò sì wúlò fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí aṣọ́nà bá dúró ṣáájú, inú ìwé tí ẹni náà láṣẹ sí nìkan lẹ̀rọ á ti ṣa mẹ́wàá tó dára jù. Àṣírí kankan kò jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdáhùn sì ti yàtọ̀.

Èkejì ni bí àgádágodo ṣe tóbi tó. Àṣìṣe tèmi nìyí. Mo pa odindi kásẹ́ẹ̀tì mọ́ nítorí ojú ìwé kan. Orúkọ ìkòkò aró wà níbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹbí wà lápá ìparí, nǹkan kan ò pa wọ́n pọ̀. Bí a bá ti lè gé ìwé sí wẹ́wẹ́ láti wá nǹkan nínú rẹ̀, kí àṣẹ náà bá ègé kọ̀ọ̀kan lọ. Kí ó sì bá ohun tí wọ́n bá mú jáde látinú ègé náà lọ. Àkékúrú tí wọ́n ṣe látinú ìwé àṣírí, ọmọ ìwé àṣírí ni. Orúkọ baba rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa jẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ń kọ́? Ọmọ rẹ̀ ni. Ìdáhùn àná tí ẹ̀rọ tọ́jú kó lè tètè dá ẹlòmíràn lóhùn ń kọ́? Ọmọ rẹ̀ náà ni.

Ẹ̀kẹta: àṣẹ máa ń yí padà. Òṣìṣẹ́ lè kúrò ní ẹ̀ka kan lọ sí òmíràn lọ́jọ́ Ajé. Bí atọ́ka ẹ̀rọ bá ṣì ń lo orúkọ àwọn tó láṣẹ lóṣù tó kọjá, á ṣì máa ka ìwé ibi tó ti kúrò fún un. Ní àkókò tí ẹni náà bá béèrè gan-an ni kí ẹ̀rọ lọ wo bóyá àṣẹ rẹ̀ ṣì wà.

Ẹ̀kẹrin, ìgbà kan wà tí títìlẹ̀kùn lè pa èèyàn. Bí wọ́n bá gbé ẹni tó dákú wá sílé-ìwòsàn lóru, tí dókítà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe dókítà rẹ̀, ṣé a ó ní kó dúró de àṣẹ ni? Àwọn ilé-ìwòsàn tó ń lo kọ̀ǹpútà ti ní ọ̀nà kan fún èyí: dókítà lè fọ́ dígí kó wọlé, bí ẹni fọ́ dígí àpótí nígbà iná. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, á kọ ìdí tó fi wọlé, ẹnì kan á sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà.

Abọ̀ ọ̀rọ̀

Wàyí o, ká ní a ti ṣe gbogbo ìyẹn. Ewu kan ṣì kù, òwe wa ló sì sọ ọ́ dára jù: abọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Ẹ̀rọ AI kì í ṣe ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń sọ abọ̀ ọ̀rọ̀ di odindi tó o.

Ní àwọn ọdún 1990, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, àjọ kan tó ń bójú tó ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé àkọsílẹ̀ ìtọ́jú wọn fún àwọn oníwàádìí. Wọ́n ti yọ orúkọ kúrò, gómìnà William Weld sì fi ọkàn àwọn èèyàn balẹ̀ pé kò séwu. Latanya Sweeney, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, ra ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ìlú Cambridge ní 20 dọ́là. Ó fi ọjọ́ ìbí, akọ-n-bábo àti nọ́ńbà àdúgbò so ìwé méjèèjì pọ̀, ó sì rí àkọsílẹ̀ ìlera gómìnà fúnra rẹ̀. Ní 2000, ó ṣírò pé nǹkan méjì-mẹ́ta wọ̀nyí nìkan tó láti dá nǹkan bíi 87 nínú ọgọ́rùn-ún ará Amẹ́ríkà mọ̀ yàtọ̀ sí gbogbo èèyàn yòókù.

Ẹ kíyè sí i: kò sí ẹni tó jalè níbẹ̀. Ìwé méjèèjì ló láṣẹ láti kà. Ó gba Sweeney ní ọgbọ́n àti sùúrù láti so wọ́n pọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá ló máa gba ẹ̀rọ AI. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí èmi nìyẹn. Ká tiẹ̀ ní ẹ̀rọ yọ orúkọ ẹbí náà kúrò, àdúgbò àti orúkọ ọmọ ti tó fún ọmọ ìlú láti dé ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà, kí a má kàn bi ara wa pé, "Ṣé ègé yìí ṣeé kà?" Kí a tún bi í pé, "Bí ẹni tó mọ ìlú bá kà á pẹ̀lú èyí, kí ló máa mọ̀?" Ọ̀pọ̀ àwọn oníṣirò ìjọba kì í gbé iye tó bá kéré jù jáde fún ìdí yìí. Bí wọ́n bá ní èèyàn méjì péré ló ní àrùn báyìí ní abúlé kan, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dárúkọ wọn tán.

"Kò sí" àti "mi ò rí i"

Ibi tí iṣẹ́ tèmi ti wọ̀ ọ́ nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ rántí ìgbà tí ìyá yín rán yín nínú yàrá, tí ẹ padà wá tí ẹ ní, "Kò sí." Kí ni ìyá yín bi yín? "Ṣé kò sí ni, àbí o ò rí i?" Ìyá yín ti kọ́ yín ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ìtumọ̀ kí n tó kọ́ yín. "Kò sí" ń sọ nípa yàrá. "Mi ò rí i" ń sọ nípa ẹni tó wá a. Ẹni tí kò wọ gbogbo yàrá kò láṣẹ láti sọ pé kò sí.

Ẹ̀rọ wa sọ pé ẹ̀ka-èdè kan kò ní ọ̀rọ̀ fún ìkòkò, nígbà tó jẹ́ pé apá kan yàrá nìkan ni a jẹ́ kó wọ̀. Ó kéré tán, ìdáhùn mẹ́ta ló yẹ kó mọ̀. Ọ̀kan: "Mo wá gbogbo àkójọ, kò sí." Èkejì: "Mi ò rí i nínú èyí tí ẹ láṣẹ láti kà, kì í sì í ṣe gbogbo àkójọ nìyẹn." Ẹ̀kẹta: "Ó wà, ṣùgbọ́n ẹ lọ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ẹni báyìí." Ká ní ọmọbìnrin yẹn gba ìdáhùn kejì tàbí ẹ̀kẹta, kò níí kọ irọ́ sínú ìwé, n kò sì ní tú àṣírí ẹnikẹ́ni fún un.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ẹ̀kẹta yẹn. Ká ní ẹnì kan bi ẹ̀rọ ilé-ìwòsàn pé: ṣé èsì àyẹ̀wò HIV lágbájá wà nínú fáìlì? Bó bá fèsì pé, "Ó wà, ṣùgbọ́n ẹ ò láṣẹ láti rí i," ṣé kò tíì sọ ọ́ tán bí? Fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdáhùn kan náà ni kí ẹni tí kò láṣẹ máa gbà, yálà nǹkan náà wà tàbí kò sí: "N kì í dáhùn ìbéèrè nípa ìlera ẹnì kan." Ọ̀rọ̀ ìkòkò aró yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àìsàn. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ jókòó pín wọn sọ́tọ̀ kí wọ́n tó kó ìwé sínú ẹ̀rọ; ẹ̀rọ kò lè pín in fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ni ọ̀rọ̀

Ta ni èèyàn náà? Àwọn tí mo rí tó dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa ni àwọn Warumungu, onílẹ̀ àtayébáyé ní agbègbè Tennant Creek ní Ọsirélíà. Wọ́n fẹ́ kí fọ́tò àti ohùn àwọn baba ńlá wọn padà sílé, ṣùgbọ́n ní àṣà wọn, àwọn nǹkan kan wà tí ọkùnrin nìkan ń rí, àwọn kan ti obìnrin, àwọn kan ti ẹbí kan. Àwọn àti Kimberly Christen, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, jọ ṣe àkójọ kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007. Òun ló di ètò Mukurtu tí àwọn ìlú mìíràn náà ń lò báyìí. Ní èdè Warumungu, mukurtu ni àpò tí wọ́n ń tọ́jú ohun ọ̀wọ̀ sí. Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ ló ń sọ ẹni tó lè rí i àti ẹni tí kò lè rí i, kì í ṣe ẹni tó ni kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín awo àti ọ̀gbẹ̀rì, èyí kò lè ṣàjèjì sí yín.

Òfin tiwa náà ti ń tọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 sọ pé ohun tí a bá tìtorí rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn ló yẹ ká fi í ṣe. A kò gbọdọ̀ wá fi ṣe ohun mìíràn tí kò bá a mu. Mo gba ọ̀rọ̀ ìyá yẹn láti gbọ́ fáwẹ̀lì. Wọn kò fún mi kí n fi kọ́ ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń ròyìn ilé wọn.

Nítorí náà, mo wọkọ̀ lọ sí ìlú náà. Mo lọ rí ọmọ wọn obìnrin, tí òun fúnra rẹ̀ ti dàgbà. Mo sọ fún un pé ohùn ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Mo tan ibi tí Ìyá ti ń sọ̀rọ̀ aró fún un, bí wọ́n ṣe ń da eérú, bí wọ́n ṣe ń pe ìkòkò náà. Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu. Ó ní, "Màámi nìyí." Ó ní kí n tún un tàn, mo tún un tàn. Ká ní mo fi gbogbo rẹ̀ pa mọ́ bí mo ṣe pinnu lákọ̀ọ́kọ́, kò bá má gbọ́ ohùn yẹn mọ́ láéláé.

Ó wá bi mí pé, "Èyí tó kù ń kọ́, Tíṣà?" Mo ní, "Ìyá ní kí n má jẹ́ kó jáde." Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tí Màámi bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbi tí wọ́n fi í sí."

A ti tún àkójọ náà tò. Ègé aró ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, pẹ̀lú orúkọ Ìyá lórí rẹ̀ bí ọmọ wọn ṣe fẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ ẹbí mìíràn wà níbi tí ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹbí. Ojú ìwé kan ṣoṣo yẹn ti kúrò nínú ẹ̀rọ pátápátá. Ó wà nínú àpótí mi, pẹ̀lú bírò pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa ti tún ìwé rẹ̀ kọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà ṣèlérí fún mi pé òun kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀rọ yìí wá fún ní ibi iṣẹ́, ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ohun mẹ́rin: kọ́kọ́rọ́ ta ló máa ń mú dání nígbà tí mo bá rán an? Ṣé ṣáájú wíwá ni aṣọ́nà dúró, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Bí àṣẹ mi bá yí padà lónìí, ìgbà wo ló máa mọ̀? Bí kò bá sì rí nǹkan, ṣé ó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "mi ò rí i"? Bí kò bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má tíì kó ìwé oníwèé fún un.

Mo dúró níbí ná. Ẹ kí ará ilé o. Ọlọ́run á jẹ́ ká máa fi ire bára wa.